Fọ́tò Tí Mo Yà Ní Ìsọlọ̀

Fọ́tò kan wà tí mo fi pamọ́ sínú àpótí ìwé mi fún ọdún 13. N kì í fi han àlejò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe fọ́tò ìtìjú, kì í ṣe ti obìnrin, ẹ má rò ó síbẹ̀. Ọkùnrin kan ló dúró nínú rẹ̀, tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà títí dé ìgúnpá, tó na ọ̀pá gígùn kan sókè bí ẹni pé ọ̀pá àṣẹ ni, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà gbé e jáde ní ọdún 2006. Àwọn ènìyàn yìn mí fún un, olóòtú wa pàápàá bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ní ìṣẹ́jú tí mo ń ya fọ́tò yẹn gan-an, ibi tó yẹ kí ọ̀pá náà wà kọ́ ló wà, àti pé nítorí tèmi ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ọkùnrin inú fọ́tò náà. Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, Bọ̀ọ̀dá ni èmi ń pè wọ́n láti kékeré. Iṣẹ́ iná ni iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe irú èyí tí a fi ń so gúlóòbù mọ́ àjà o. Iná ńlá ni tiwọn, èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n nílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ẹnu iṣẹ́, ìwà á yí padà bírí. Wọ́n á máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí ẹni tí ata ta sí lójú: "Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀!" "Ta ló ní kí o sún mọ́ ọn?" Mo máa ń rò ó nígbà náà pé agbára ọ̀gá ló ń gùn wọ́n.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ tí olóòtú gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa kọ nípa àwọn tó ń fi ẹ̀mí wewu kí wọ́n tó jẹun. Mo ti kọ ti àwọn agbẹ́kànga, mo ti kọ ti àwọn tó ń kun ilé gogoro, mo ti kọ ti àwọn awakọ̀ tó ń gbé epo bẹntiróò. Ọ̀rọ̀ náà ń tà. Àbùkù kan ṣoṣo tí olóòtú rí ni pé fọ́tò mi kò láyé nínú. Ó ní, "Gbogbo àwọn ènìyàn rẹ ló dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣe pásípọ́ọ̀tù. Lọ wá èyí tí èèyàn yóò rí tí yóò fi gbàgbé ṣíṣí ojú ewé." Bí mo ṣe gba ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi lọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó ní kí n máa bọ̀, wọ́n sì fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n tí o bá dé ibẹ̀, ojú ni kí o fi wò o, Akọ̀wé. Má fi ọwọ́ wò, má fi ẹnu wò."

Ìsọlọ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ náà wà. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí n kò ní dárúkọ, iná rẹ̀ gba inú kébù kan tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà kan. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún páìpù omi ti fi dígà bẹ́ kébù náà. Wọ́n wá sọ ọ́ pọ̀ padà, wọ́n bo ojú ọgbẹ́ náà dáadáa. Ohun tó kù ni kí a dán an wò kí wọ́n tó dá iná sí i. Torí pé iná tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá, fóòtì 11,000 ni. Èyí tó wà nínú ilé yín àti ilé mi, 240 lásán ni, òun náà sì ti sọ ọ̀pọ̀ ìyàwó di opó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí kébù yẹn ṣe rí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kébù àtijọ́ ni. Wáyà bàbà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pupa, yẹ́lò àti búlúù. Bébà tí wọ́n rẹ sínú òróró ni wọ́n wé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpele lórí ìpele, bí ẹni wé ẹ̀kọ. Lẹ́yìn bébà ni òjé, lẹ́yìn òjé ni irin. Bébà yẹn ni mo fẹ́ máa pè ní èèpo. Òun ló ń dá iná lẹ́kun kó má baà jáde. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, bíńtín báyìí, tàbí tí ẹni tó so ó pọ̀ bá fi ọwọ́ òógùn kàn án, iná á rí ọ̀nà sá, kébù á sì bú gbàmù lọ́jọ́ tí wọ́n bá tan iná sí i. Ojú lásán kò sì lè rí i. Ìdí nìyí tí a fi ní ẹ̀rọ tí a fi ń bi èèpo wáyà léèrè ọ̀rọ̀.

Megger ni orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ náà, Mẹ́gà ni àwọn oníná wa ń pè é. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Sydney Evershed ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1889. Àpótí ni, tí ó ní ọwọ́ tí a fi ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ti ẹ̀rọ tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ẹ̀gúsí. Bí a bá ti ń yí i, ó ń pèsè iná tirẹ̀, kò nílò Nẹ́pà. Ti Bọ̀ọ̀dá mi yìí, fóòtì 5,000 ló ń gbé jáde. A ó so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ wáyà bàbà, a ó so ìkejì mọ́ òjé ìta, a ó wá máa yí i. Bí èèpo bá le, iná kò ní rí àyè kọjá, abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ á lọ sí òpin, níbi tí wọ́n ti kọ àmì àìlópin sí. Bí èèpo bá ti jẹrà, abẹ́rẹ́ á máa fà sẹ́yìn wá sí òdo.

Ẹni tó bá rí Bọ̀ọ̀dá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, á rò pé ọdún ni wọ́n fẹ́ ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n ti lọ pa iná níbi tó ti ń bọ̀, wọ́n fi àgádágodo tì í, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpò tiwọn, wọn kò fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan yẹ wáyà náà wò bóyá lóòótọ́ ló ti kú. Kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré náà kan ibi tí iná wà, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ọ̀hún kì í purọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ wáyà wò tán, wọ́n tún padà fi kan ibi tí iná wà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Tí ó bá wá kú láàárín méjì ńkọ́?" Wọ́n ta okùn pupa àti funfun yí ibẹ̀ ká. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì fẹ́ gba abẹ́ okùn náà kọjá, igbe tí wọ́n ké mọ́ ọn, búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ já lórí rẹ̀.

Kébù ní ẹnu méjì, ẹnu kejì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ìbí ni a wà tí a ń yí Mẹ́gà, ṣùgbọ́n fóòtì 5,000 kan náà ló wà lọ́hùn-ún, ní kìlómítà kan sí wa, níbi tí ojú kò tó. Lọ́hùn-ún, kébù náà jáde láti inú ilẹ̀, ó gun òpó lọ sókè, àwọn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yọ orí síta níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fi ọmọkùnrin kan síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, kò ju ọmọ ọdún 22 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ẹ̀dá kankan sún mọ́ òpó náà, kí òun alára sì dúró sílẹ̀, kó má gun àkàbà, títí tí wọn yóò fi pè é lórí fóònù pé ó ti parí. Nígbà náà ni yóò gòkè lọ nu ẹnu wáyà náà, kó so ó. Wọ́n sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kó tún un sọ padà, ó sì tún un sọ bí ọmọ iléèwé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ máa bi mí pé nígbà tí a bá ti dáwọ́ Mẹ́gà dúró, kí ló tún kù? Ṣebí ọwọ́ la fi ń yí i. Bí ọwọ́ bá dúró, iná dúró. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Wáyà bàbà nínú, òjé níta, èèpo láàárín: ohun tó bá rí báyìí, àmù iná ni. Bí a bá da iná sínú rẹ̀, ó ń gbé ibẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí ìmọ́lẹ̀, kò gbóná, kò tutù. Àwọn tó ń tún fáànù ṣe mọ̀ nípa kapásítọ̀, nǹkan kan náà ni. Àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ṣe, àwọn tó ní ìdí ràgàjì yẹn, mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó ti kúrò lára iná fún ìgbà pípẹ́ kó sì tún gbé èèyàn jù sára ògiri. Ìlú Leiden ní ilẹ̀ Họ́láńdì ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Pieter van Musschenbroek, ti kó sínú rẹ̀. Ìgò omi ló da iná sí, iná náà gbé e, ó sì kọ lẹ́tà lọ sí Paris ní ọdún 1746 pé bí wọ́n bá fi gbogbo ìjọba Faransé ta òun lọ́rẹ, òun kò tún jẹ́ dán an wò mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnìkan fi ẹ̀rù sọ, ẹlòmíràn á fi ṣeré. Lọ́dún kan náà, àlùfáà Faransé kan tó ń jẹ́ Nollet kó 180 sójà jọ síwájú ọba wọn, Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ní kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ó sì tú iná inú ìgò náà sí wọn lára. Gbogbo wọn fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní inú ọba dùn. Èmi kì í lè ka ìtàn yẹn kí ara mi má bù máṣọ, torí mo mọ irú ẹni tó máa ń fẹ́ kí iná ta kí ojú rí i.

Nítorí iná tó ń gbé inú àmù yìí ni Bọ̀ọ̀dá mi ṣe ní ọ̀pá kan. Ó gùn, ara rẹ̀ kò gba iná, ìkọ́ bàbà wà lórí rẹ̀, wáyà kan sì ti ọrùn rẹ̀ lọ síbi irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti dán wáyà kan wò tán, ìkọ́ náà ni wọ́n á fi kàn án, iná inú rẹ̀ á sì wọ ilẹ̀ lọ. Asìnkú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní iná tí a kò bá tíì sin, kò tíì kú. Wọn kì í kàn án lásán kí wọ́n yọ ọ́ o. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń yí Mẹ́gà fún wáyà kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ni Asìnkú fi ń wà lára rẹ̀ lẹ́yìn náà, torí pé bébà inú kébù máa ń fa iná mu bí fóòmù ṣe ń fa omi. Bí o bá kàn án fìrí tí o gbé ọ̀pá kúrò, òkè nìkan lo fún. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á tún rọra sun jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á fi wáyà kúkúrú so ó mọ́ irin ilẹ̀ pátápátá, wọ́n á tó lọ sórí òmíràn.

Ohun kan tún wà. Wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ Mẹ́gà dúró kí wọ́n tó yọ ẹnu rẹ̀ kúrò lára kébù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣì ń yí i lọ́wọ́ ni wọ́n á ti fi ìbọ̀wọ́ yọ ọ́, torí bí ọwọ́ bá dúró kí wọ́n tó yọ ọ́, iná inú kébù á rọ́ padà sínú ẹ̀rọ, á sì ba abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ní, "Ó tó." Ọmọ iṣẹ́ á wá dáwọ́ dúró. Láàárín "Ó tó" yẹn àti ìgbà tí Asìnkú bá kan wáyà, fóòtì 5,000 ló wà lára kébù, tí kò sì so mọ́ ohunkóhun. Kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá mi. Kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi àwọn.

Wọ́n dán wáyà pupa wò. Abẹ́rẹ́ lọ sí òpin, inú gbogbo wa dùn. "Ó tó." Asìnkú kàn án, pàrá! Iná búlúù ta níbẹ̀, ó dún bí ìgbà tí a fi ẹgba na tábìlì. Mo fò. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi, n kò rántí tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Òkú ni wọ́n ń sin lẹ́ẹ̀mejì ní tìrẹ?" Wọ́n dán yẹ́lò wò. Mo tètè tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ̀yìn ọmọ iṣẹ́ nìkan ni mo rí nínú fọ́tò.

Ó wá ku búlúù. Mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé n kò ní rí iná tó ń ta yẹn yà. Ṣùgbọ́n mo wo Bọ̀ọ̀dá mi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀pá yẹn, oòrùn àárọ̀ sì wà lẹ́yìn mi, mo sọ fún ara mi pé fọ́tò tí olóòtú ń wá rèé. Ọmọ iṣẹ́ ń yí i, ìṣẹ́jú pé, Bọ̀ọ̀dá mi yọ ẹnu Mẹ́gà, wọ́n ní, "Ó tó." Wọ́n gbé Asìnkú. Èmi ni mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ na ọ̀pá yẹn sókè díẹ̀. Ẹ wo ọ̀dọ̀ mi."

Wọ́n ṣiyèméjì. Mo rí i lójú wọn. Mo ní, "Ẹ̀rín díẹ̀, Bàbá Ìbejì! Gbogbo Èkó ló máa rí i." Wọ́n sì dìde dúró, wọ́n kúrò nídìí kébù bí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n na ọ̀pá sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èkíní, wọ́n pa ojú dé. Èkejì, òjìji ọkọ̀ kan kọjá níwájú wọn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ rí nínú ìwé ìròyìn. Kò lè ju ìṣẹ́jú kan lọ lápapọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ tó ń yí Mẹ́gà kò wo ìkọ́ bàbà. Ọ̀gá rẹ̀ ló wò. Ó rí i pé ọ̀gá ti dìde, ó rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò. Kí ló tún kù? Ó gbé fóònù, ó ní, "A ti parí o, máa gòkè."

A gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún láti ẹnu ọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá òpó náà. Òun ló gbé fóònù ọmọ náà nílẹ̀ tó pè wá. Ó kàn ń pariwo, "Ó ti já bọ́! Ó ti já bọ́ o!" Bọ̀ọ̀dá mi kò bèèrè pé ta ni. Wọ́n yí padà, wọ́n fi Asìnkú kan wáyà búlúù. Kò dún. Kò ta. Wọ́n tún un kàn. Iná ti kúrò níbẹ̀. Ojú wọn nígbà náà, bí mo bá fẹ́ fọ́tò tí èèyàn yóò rí tí yóò fi gbàgbé ṣíṣí ojú ewé, òun ni ǹ bá yà.

Kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Iná náà gbé e jù sílẹ̀ láti orí àkàbà, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì dá lọ́nà méjì. Ìka rẹ̀ méjì jó díẹ̀ lórí. Ní ọsibítù, dókítà ní bí kò bá tiẹ̀ sí àkàbà, bóyá ìka jíjó yẹn nìkan ni ì bá mú lọ sílé. Bí kébù náà bá sì gùn jù báyìí lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Agbaṣẹ́ṣe tó gbà wọ́n síṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ náà ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àkàbà. Bọ̀ọ̀dá mi sọ pé irọ́ ni, wọ́n ní àwọn ló jẹ̀bi, torí ọwọ́ àwọn ni ọ̀pá wà. Wọn kò dárúkọ mi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, mo sì dákẹ́. Mo lọ kí ọmọ náà ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, mo ra ọsàn àti mílíìkì, mo fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fọ́tò jáde.

Bọ̀ọ̀dá mi kò bá mi wí títí di òní. Ohun tí mo rí ni pé láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló ń di fóònù mú. Ọmọ iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ pe ẹnu kejì mọ́, wọ́n sì kì í pè é títí tí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi so mọ́ ilẹ̀ lójú wọn. Wọ́n wá fi kún un pé kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ní ọ̀pá tirẹ̀, kó fi kan wáyà kó tó fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ti pè é. Mẹ́gà tí wọ́n ń lò báyìí kò ní ọwọ́ yíyí mọ́, bátìrì ló ń lò. Bí wọ́n bá dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ á máa fa iná tó kù nínú kébù dànù, á sì máa kọ iye fóòtì tó ṣẹ́kù sí ojú rẹ̀ títí yóò fi dé òdo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kò tún sí ohun tí a fẹ́ fi Asìnkú ṣe mọ́. Bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń gbé e lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin onílé kí n tó padà síbi tí mo ń lọ. Bí wọ́n bá fa wáyà sílé yín tán, ẹ bi oníná yín bóyá ó ti fi Mẹ́gà dán an wò. Ti ilé kì í ṣe fóòtì 5,000, fóòtì 500 ló tó. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé ohun tí abẹ́rẹ́ yóò kà kò gbọ́dọ̀ dín sí megohm 1. Kí ẹ sì yọ tẹlifíṣọ̀n àti gúlóòbù kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má lọ fi iná ẹ̀rọ rẹ̀ bà wọ́n jẹ́. Èmi wà nínú ilé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílùú Èkó yìí, n kò rí onílé kan tó béèrè rí. Nẹ́pà di PHCN ní 2005, PHCN di ti àwọn aládàáni ní 2013. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ pátákó orúkọ, wáyà inú ògiri wa wà níbẹ̀ bí ó ti wà.

Ní ọdún 2019, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ìsẹ́yìn, mo lọ kọ nípa àwọn aláṣọ òfì. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ náà padà sí. Mo béèrè, wọ́n sì júwe ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí ó ti ń tún ẹ̀rọ amúnáwá àti fáànù ṣe, ó ti níyàwó, ó ti bímọ mẹ́ta. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò nà tán. Ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n oníwèé ìròyìn!" Ó gbé àga fún mi, ó ránṣẹ́ ra mínírà. Bẹ́ẹ̀, mo ti mú fọ́tò náà lọ́wọ́ láti Èkó, ó wà nínú báàgì mi, n kò mọ̀ bóyá máa lè mú un jáde.

Mo mu mínírà náà tán kí n tó lè sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀" títí dé ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò dá mi lóhùn. Ẹnìkan wá béèrè fáànù rẹ̀, ó dá ẹni yẹn lóhùn, ó ní kó padà wá lọ́la. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀gá kò sọ ọ́ fún mi rí. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ni." Ó dákẹ́. "Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù fún ọdún méjì."

Èyí náà, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wo fọ́tò náà." Mo fún un. Ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó pẹ́. Kò tíì rí ẹnu kébù ti ọ̀dọ̀ wa rí. Ọ̀dọ̀ òpó ni wọ́n fi í sí láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fi ìka kan ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá mi, níbi tí wáyà mẹ́ta gbé yọ orí síta, tí méjì nínú wọn ti so mọ́ ilẹ̀.

"Èyí tó wà lápá ọ̀tún yìí ni?"

Mo ní òun ni.

"Ó dá wà báyẹn?"

Mo ní ó dá wà báyẹn.

Ó bèèrè bóyá òun lè mú un. Mo ní kó mú un. Ó yíjú sínú ṣọ́ọ̀bù, ó pe ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó jókòó síbi kapásítọ̀ fáànù kan, ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Wá wo nǹkan."